Sájẹ́ǹtì Inú Ẹsẹ̀ Mi

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Ọ̀wàrà 2024

Sájẹ́ǹtì tún wá lóru àná. Mo sùn fọnfọn, àlá iyán ni mo ń lá – iyán funfun, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí – àfi gbàù! Ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ òsì ká jọ bí aṣọ tútù tí wọ́n fún. Ó le bí òkúta. Ìka ẹsẹ̀ ń wo ilẹ̀ fúnra wọn, mi ò rán wọn níṣẹ́. Mo fò sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo dúró ṣánṣán bí ọlọ́pàá tó rí ọ̀gá rẹ̀, mo ń pariwo: "Rárá! Rárá o! Kúrò!"

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ní Sájẹ́ǹtì nìyẹn. Pajápajá ni Ìyé tó bí mi máa ń pè é nígbà ayé wọn. Ṣùgbọ́n pajápajá lásán ò lè jí opó ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta lóru kó ní kó dúró ní àténṣàn. Eléyìí ní ipò.

Mo tiro dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Afeezat tó ń ta mínírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní, "Màmá Tóyọ̀sí, ṣé Oníṣu wá lánàá ni?" Ẹnu obìnrin yìí! Mo ní bàtà ló há mi lẹ́sẹ̀.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá èmi náà á gbà á gbọ́: èmi Cecilia, aránṣọ ní àdúgbò Ìlóró ní Ọ̀wọ̀ níbí, opó láti ọdún mẹ́sàn-án, mo fẹ́ lọ́kọ ní oṣù tó ń bọ̀. Akínfẹ́mi lorúkọ rẹ̀. Òun ni Oníṣu. Ó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba, ó ń dáko ní Ìfọ̀n, ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú. Kì í wá kí mi lọ́wọ́ òfo – iṣu, iṣu, iṣu. Ilé ìdáná mi ti di abà.

Ẹtì, 4

Kò wá. Mo sùn bí ọmọ tuntun.

Àìkú, 6

Alùfáà gbà wá lálejò lẹ́yìn ìsìn. Láti Àìkú tó ń bọ̀ ni wọn yóò máa kéde orúkọ wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà mẹ́ta, kí ẹni tó bá mọ ohun tó lè dí ìgbéyàwó náà lọ́wọ́ lè sọ ọ́. Oníṣu ní ta ló máa sọ kí ni, ó ní àwọn tó mọ ìwà òun nígbà èwe ti kú tán. Alùfáà rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ṣomi.

Lẹ́yìn náà Oníṣu wá jẹun nílé. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, ilé Ìfọ̀n ni. Ó ti kun ún. Ó ti fi nẹ́ẹ̀tì tuntun sí fèrèsé. Gbẹ́nàgbẹ́nà ti kan bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì kan. Ńlá. Ó na ọwọ́ méjèèjì láti fi bó ṣe fẹ̀ tó hàn mí. Ó wá bi mí bóyá mo máa ń sùn dáadáa, nítorí òun máa ń hanrun díẹ̀.

Mo ní, "Èmi? Bí mo bá ti fi orí lélẹ̀, ó di àárọ̀."

Irọ́ gbuu. Mo sì ti ń rí i níwájú mi: òru àkọ́kọ́, bàbá sùn jẹ́ẹ́, ìyàwó tuntun fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́, "Rárá! Kúrò!" Kí ni yóò rò? Á ní ta ni mo ń lé. Á ní òun ni.

Ìṣẹ́gun, 8

Gbogbo ohun tí mo ti lò títí di òní: àdí – ó ń rùn, aṣọ ìbùsùn ti bà jẹ́. Rọ́ọ̀bù – ẹsẹ̀ gbóná, Sájẹ́ǹtì ò bìkítà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lálaalẹ́, ìmọ̀ràn Afeezat – mo fẹ́ràn ìyẹn, àmọ́ mo ti ń sanra, aṣọ ìgbéyàwó tí mo ń rán fún ara mi ò ní gbà mí mọ́.

Tóyọ̀sí ọmọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Àkúrẹ́, fi nǹkan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Obìnrin òyìnbó kan ló ń sọ̀rọ̀: ẹ fi ọṣẹ sábẹ́ aṣọ ìbùsùn, ẹsẹ̀ ò ní fà yín mọ́. Mo fi odidi ọṣẹ ìfọṣọ síbẹ̀. Sájẹ́ǹtì wá. Mo fò sílẹ̀, ọṣẹ bọ́ sílẹ̀, mo tẹ ọṣẹ, mo yọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ọpẹ́lọpẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí mo dì mọ́.

Oníkẹ́míìsì ta kiniíìnì fún mi, ó ní ti ẹsẹ̀ ni. Mi ò tíì lò ó. Ó korò lójú.

Ọjọ́bọ̀, 10

Àlejò dé. Ẹ̀gbọ́n Oníṣu lóbìnrin, Àǹtí Olúfúnmilọ́lá, wá láti Ìdóàní wá wo ìyàwó. Ó gbé ọsàn wá, ó gbé ẹran ìgbẹ́ wá, ó sì gbé ojú wá – ojú tó ń wo èèyàn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì dìde wuyẹ́. Ọlọ́run ṣeun, orúnkún ò dún.

Lẹ́yìn oúnjẹ ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní inú òun dùn. Ó ní ọdún mẹ́rin gbáko ni àbúrò òun fi tọ́jú ìyàwó rẹ̀ tó kú, ó ń gbé e lọ sí ọsibítù, ó ń gbé e bọ̀, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ, kì í sùn. Ó wá tẹjú mọ́ mi. "Ìwọ, mo ti wò ọ́, ara rẹ le. Ó ti tọ́jú aláìsàn tó, Cecilia. Jẹ́ kó sinmi."

Mo ní àmín. Mo fa ẹsẹ̀ òsì sábẹ́ àga.

Ilẹ̀ ti ṣú, kò lè padà sí Ìdóàní mọ́. Yàrá Tóyọ̀sí ló wà báyìí. Ògiri kan péré ló wà láàárín wa. Sájẹ́ǹtì, mo bẹ̀ ọ́ o. Torí Ọlọ́run.

Ẹtì, 11

Kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Mo gbìyànjú láti fi ìrọ̀rí dí ẹnu. Pàbó. "Rárá! Kúrò! Mo ní kúrò!" Mo ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ gbì, gbì, gbì. Nígbà tó yá mo gbọ́ ìró sílípáàsì Àǹtí ní pálọ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà mi, ó dúró. Kò kanlẹ̀kùn. Ó padà.

Láàárọ̀, nídìí ògì àti àkàrà, ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ta lò ń lé lóru?" Bó ṣe sọ "ta" yẹn! Mo mọ ohun tó ń rò. Yálà ọkùnrin, yálà ẹ̀mí àìmọ́. Mi ò mọ èyí tó sàn nínú méjèèjì.

Mo ní, "Eku ni, Àǹtí. Eku ńlá kan."

Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní eku ò dáa nílé aránṣọ, á jẹ aṣọ oníbàárà. Ó ní òun á sọ fún Akínfẹ́mi. Mo ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó ní wàhálà wo ló wà níbẹ̀.

Àìkú, 13

Ìkéde àkọ́kọ́. Nígbà tí Alùfáà pe "Cecilia, opó, ti ìjọ yìí," àwọn ọmọge inú ẹgbẹ́ akọrin ń fi ìgúnpá gún ara wọn. Ó wá bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a so wá pọ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Ọkàn mi ní, "Èmi mọ ọ̀kan. Ó wà lẹ́sẹ̀ òsì." Mo wolẹ̀.

Oníṣu dúró dè mí níta pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi okùn dì. Mo rò pé iṣu ni. Apẹ̀rẹ̀ ní, "Míyáò."

Ológbò! Ó ní Àǹtí ti sọ ti eku fún òun. Ó ní kò sí ọdẹ bíi ológbò yìí ní gbogbo Ìfọ̀n, òun bẹ aládùúgbò òun títí kó tó yá òun. Inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó mú kìnnìún wá fún ọba. Kí ni mo lè sọ? Mo ní, "Ẹ ṣé o, ẹ mà kú àníyàn." Ológbò wò mí láti inú ihò apẹ̀rẹ̀.

Ajé, 14

Ológbò jókòó sí àárín pálọ̀, kò mira. Kò sí eku kan nílé yìí. Òun náà ti mọ̀.

Ọjọ́rú, 16

Ẹ̀ẹ̀mejì lóru kan ṣoṣo. Ọ̀tún ló kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà òsì. Bóyá wọ́n ti fún un ní ìgbéga. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbá orúnkún méjèèjì mọ́ra, títí àwọn àkùkọ Ìlóró fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ẹ̀rín ò wá lónìí.

Ọ̀rọ̀ Àǹtí ni mo ń rò. Ọdún mẹ́rin. Bó bá jẹ́ pé àìsàn gidi ló wà nínú ẹsẹ̀ yìí ńkọ́? Ká ní mo lọ gbé ẹrù mi kalẹ̀ ní Ìfọ̀n, kó tún di pé ó ń jí lóru, kó tún máa gbé obìnrin lọ sí ọsibítù? Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ́ aṣọ ìgbéyàwó síwájú, mi ò rán nǹkan kan. Mo pe Tóyọ̀sí. Mo ní bóyá ká dá a dúró. Ó ní ká dá kí ni dúró? Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti Àǹtí, ti eku, ti ológbò. Ó dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti já. Àṣé ẹ̀rín ló ń pa mọ́ra.

Ó ní, "Màámi, ẹ fẹ́ torí ẹsẹ̀ kọ ọkọ? Ẹ ti lọ rí dókítà?"

Mi ò tíì lọ. Mo ti lọ bá ọṣẹ, mo ti lọ bá àdí, mo ti lọ bá ọ̀gẹ̀dẹ̀. Dókítà nìkan ni mi ò tíì lọ bá. Ẹ̀rù ohun tó máa sọ ló ń bà mí, òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Tóyọ̀sí ń bọ̀ lọ́la.

Ẹtì, 18

Tóyọ̀sí fà mí lọ sí ọsibítù bí ọmọ jẹ́léósinmi. Dókítà Tahir, ọmọ Ìwó ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní sùúrù. Ó ní kí n bọ́ bàtà. Ó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì, ó wò ó bóyá ọ̀kan wú ju èkejì lọ, bóyá ó gbóná, bóyá ó pọ́n. Ó fi ìka wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lórí ẹsẹ̀. Ó ní gbogbo rẹ̀ dára. Ó bi mí ní iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Mo ní aránṣọ, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni mo ń lò, èmi ò lè máa dúró de NEPA. Ó ní kí n ṣe bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ kóun rí i. Mo jókòó, mo ń tẹ afẹ́fẹ́ kìtì kìtì kìtì. Tóyọ̀sí yíjú sí ògiri.

Ohun tó sọ, kí n tó gbàgbé. Iṣan tó rẹ̀, tó sì wà ní kíká ní gbogbo ọjọ́, ló ń dédé fún ara rẹ̀ lóru tí kì í fẹ́ tú. Nídìí ẹ̀rọ, ìka ẹsẹ̀ mi ń wo ilẹ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì, bùláńkẹ́ẹ̀tì wúwo tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ n kì í mu omi – òótọ́ ni, ilé ìtọ̀ jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ní ó wọ́pọ̀ bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sí ìdí kan pàtó tí èèyàn lè nàka sí. Ó wá ní oògùn wo ni mò ń lò. Mo kó báàgì kalẹ̀. Ó mú ti ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tó ń mú mi tọ̀ ṣáá. Oṣù Agẹmọ ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Oṣù Ògún ni Sájẹ́ǹtì dé. Ó ní ó ṣeé ṣe kó lọ́wọ́ sí i. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi láti yẹ iyọ̀ ara wò. Ó ní kí n má dá oògùn náà dúró fúnra mi o, bí pààrọ̀ bá yẹ, òun ló máa pààrọ̀ rẹ̀. Ó rí kiniíìnì. Ó gbà á lọ́wọ́ mi bí ìgbà tí wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ó ní ó lè ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó lè da ọkàn láàmú, kì í ṣe oògùn ẹsẹ̀ fífà.

Bó bá tún mú mi: kí n má na ìka ẹsẹ̀ síwájú – ohun tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí nìyẹn o! – kí n fà á wá sọ́dọ̀ ara mi, kí orúnkún nà, kí n fọwọ́ ra ẹran náà. Tàbí kí n dìde kí n fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa. Kí n tó sùn: kí n dojú kọ ògiri, kí n fi ọwọ́ méjèèjì tì í, ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, gìgísẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Kí n máa mu omi lọ́sàn-án. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tó gbóná, tó pọ́n, tàbí tí ìrora ò lọ, kí n sáré padà wá.

Mo bi í bóyá ó lè pa mí. Ó ní, "Rárá, mà. Ó kàn máa ń dùn ni." Tóyọ̀sí ní, "Ó sì máa ń bí ológbò." Dókítà ò mọ ohun tí à ń rẹ́rìn-ín sí.

Mo jẹ iyán lálẹ́ yìí, mo jẹ ẹ́ dáadáa. Kì í ṣe àìsàn ọdún mẹ́rin.

Àìkú, 20

Ìkéde kejì. Mo ti pinnu pé mo máa sọ fún Oníṣu lẹ́yìn ìsìn. Mo ti tò ó sẹ́nu: "Ẹ jọ̀ọ́, kò sí eku." Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni Àǹtí yọ. Ó ti wá láti Ìdóàní. Ó ní, "Eku ńkọ́?" Oníṣu ní, "Ológbò mi ti ṣe é léṣe." Ó gbéraga. Àǹtí ń yẹ́ ológbò sí. Èmi náà bá wọn yẹ́ ẹ sí.

Ojo ni mí.

Ìṣẹ́gun, 22

Èsì ẹ̀jẹ̀ ti dé: iyọ̀ ara kan ló lọ sílẹ̀ díẹ̀. Dókítà ti pààrọ̀ oògùn. Mo mu omi lónìí bíi màlúù. Mo sì tọ̀ bíi màlúù.

Ọjọ́bọ̀, 24

Mò ń ti ògiri ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án yìí nígbà tí Afeezat yọjú. Ó dúró pẹ̀lú mínírà méjì lọ́wọ́. Ó ní, "Màmá Tóyọ̀sí, ṣé wọ́n fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ yín ni?" Mo ṣàlàyé. Ó gbé mínírà kalẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ògiri. Ó ní tirẹ̀ náà máa ń mú un, ojú ló ń ti òun, òun rò pé ti arúgbó ni. Mo ní o ṣé o. Oníbàárà kan wọlé, ó bá wa bẹ́ẹ̀, ó rọra jáde.

Sájẹ́ǹtì wá lóru àná. Àmọ́ díẹ̀ ló fi mú mi. Mo fa ìka ẹsẹ̀ sókè, mo fọwọ́ ra á, ó tú. Mi ò tiẹ̀ pariwo. Wọ́n ti já ipò rẹ̀ wálẹ̀ sí Kọ́púrà.

Àbámẹ́ta, 26

Láti àárọ̀ mo wà nídìí ẹ̀rọ. Aṣọ akọrin fún ìkórè, aṣọ ìgbéyàwó, kólà mẹ́ta tí mo tú tí mo tún rán. Mi ò rántí omi. Mi ò rántí ògiri. Ó ti rẹ̀ mí. Lọ́la ni ìkéde ìkẹyìn. Ó dàárọ̀.

Àìkú, 27

 Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo wọ bàtà tuntun, gíga ni. Mi ò mu omi láàárọ̀, kí n má baà máa jáde láàárín ìsìn. Ìwàásù gùn. Mo ká ẹsẹ̀ sábẹ́ àga, ìka ẹsẹ̀ ń wo ilẹ̀. Gbogbo ohun tí Dókítà ní kí n má ṣe ni mo ṣe tán kí wọ́n tó gba ọrẹ.

Alùfáà dìde. Orúkọ mi, orúkọ rẹ̀. Ìgbà kẹta. "Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a so àwọn méjèèjì yìí pọ̀, kó sọ ọ́ nísinsìnyí." Ó gbé ojú sókè, ó dúró díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe.

Sájẹ́ǹtì dé. Lọ́sàn-án gangan. Nínú ilé Ọlọ́run.

Mo fò dìde. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ ohùn mi: "Rárá! Rárá o! Mo ní rárá!"

Fáànù nìkan ló ń dún. Ìyàwó Alùfáà káwọ́ lérí. Alùfáà wò mí lókè awò ojú rẹ̀, ó ní jẹ́jẹ́, "Màmá... ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ̀?"  Eyín mi pa dé. Mo di àga iwájú mú, mò ń wá bí gìgísẹ̀ á ṣe kan ilẹ̀ nínú bàtà burúkú yẹn, omijé ń bọ́ lójú mi. Ta ló máa mọ̀ pé omijé ẹsẹ̀ ni?

Mo rí Oníṣu. Ó ti dìde lápá ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin. Mi ò lè gbàgbé ojú yẹn láyé. Kò bínú. Ó kàn dúró, ó ń wò mí, bí ọmọ tí wọ́n já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò mọ ohun tóun ṣe. Ojú yẹn ló là mí lẹ́nu. Mo ké: "Ẹsẹ̀ ni! Ẹsẹ̀ mi ni! Pajápajá ni!"

Ó sáré wá, ó ń ti orúnkún àwọn èèyàn sọ́tùn-ún sósì. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìjọ, ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ mi. Ó ní, "Kí ni kí n ṣe? Sọ fún mi." Mo ní kó fa ìka ẹsẹ̀ sókè sọ́dọ̀ mi. Ó fà á. Ó rọra ń tú, ó ń tú, ó tú. Mo jókòó gbì.

Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tó yíjú sí Alùfáà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òun kọ́ ló kọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ̀. Mo sì ti bẹ̀ ẹ́."

Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi níta. Alùfáà dorí kodò, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó rí ohùn rẹ̀, ó ní, "Ìjọ Ọlọ́run, a ti gbọ́ ti ẹsẹ̀. Ṣé ẹlòmíì wà?" Kò sí ẹlòmíì.

Nílé, mo kúnlẹ̀ níwájú Oníṣu àti Àǹtí tó wá gbọ́ ìkéde, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Sájẹ́ǹtì, ọṣẹ, dókítà, oògùn. Àǹtí ní, "Kò wá sí eku?" Mo ní kò sí. "Kò sì sí ọkùnrin?" "Àǹtí!" Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi ṣí. Ó lọ sí ilé ìdáná lọ bu omi, a ṣì ń gbọ́ ọ tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Oníṣu ò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí ìdí tí mo fi pa á mọ́ fún òun. Mo ní, "Wọ́n ní ẹ ti tọ́jú aláìsàn tó."

Ó gbé mi dìde nílẹ̀. Ó wá ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ìtọ́jú ló sú mi? Lẹ́yìn tó kú, mo ṣì máa ń jí lóru. Màá tẹ́tí. Kò sí ẹni tó ń pè mí. Ìyẹn ló sú mi, Cecilia."

 Mo bu iyán kún tirẹ̀.

Ajé, 28

Gbogbo Ọ̀wọ̀ ti gbọ́. Oníbàárà tó wá gba bùbá ní òun gbọ́ pé mo já ọkọ jù sílẹ̀ níwájú pẹpẹ. Èkejì ní òun gbọ́ pé ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sunkún bẹ̀ mí títí mo fi gbà. Afeezat jókòó síta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń bá mi ṣàlàyé fún àwọn tó ń kọjá, ó sì ń fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Ó ti ta mínírà tán kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹtì, 8 Oṣù Bélú

Ẹrù ti dì. Ológbò ti wọ apẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun náà fẹ́ padà síbi tí eku wà.

Àbámẹ́ta, 9

Ó ti parí. Aṣọ gbà mí. Bàtà pẹlẹbẹ ni mo wọ̀. Nígbà tí Alùfáà bi mí bóyá mo gbà, ó kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ mi.

Ajé, 11. Ìfọ̀n

Bẹ́ẹ̀dì náà fẹ̀ lóòótọ́. Ó sì ń hanrun, kì í ṣe "díẹ̀" o. Bí ẹ̀rọ ìlọta.

Sájẹ́ǹtì mọ ọ̀nà Ìfọ̀n. Ó dé lóru àná. Mi ò tíì pariwo tán tí ọkọ mi ti jí. Kò sí iná, kò wá tọ́ọ̀ṣì. Ó ti rápálá dé ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì nínú òkùnkùn, ó ti gbá ẹsẹ̀ mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń fa ìka rẹ̀ sókè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń bi mí léraléra: "Ṣé ó ń lọ? Cecilia, ṣé ó ti ń lọ?"

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ọkọ mi gbá mú. Òsì ló ń dùn mí.

Mo rọra sọ ẹsẹ̀ òsì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fi gìgísẹ̀ rẹ̀ tẹlẹ̀ fúnra mi. Mo ní, "Ó ti ń lọ." Mo sì jẹ́ kó máa fa ti ọwọ́ rẹ̀ lọ.